Ládàánì Tó Ti Ìdí Àgbá Wá

Ẹ má fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín o, èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Abdulmumini, bàbá Salimat, sójà ni nígbà ogun Bíáfúrà, ìdí ìbọn àgbá ni wọ́n fi í sí. Òun ló ń ki ọta sí i, ọta tó ga tó ọmọ ọdún méjì. Bó bá ti kì í tán, wọ́n á fìka dí etí, òun á ké “Fáyà!”, ilẹ̀ á sì mì tìtì.

Ogun parí, ó délé, àmọ́ igbe náà ti di bárakú fún un. Bí mo bá dé ìkòkò, tí ọmọrí rẹ̀ dún, ó ti dí etí nìyẹn. “Fáyà!” Ọbẹ̀ á dà sí mi lẹ́sẹ̀! Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó sú mi.

Lọ́dún 1991, ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí wa ní Fate kó lọ sí Òkè-Oyì. Ọkọ mi ní òun fẹ́ ipò náà.

“Àbẹ̀ní, ohùn tí mo fi tú àwọn èèyàn ká, mo fẹ́ fi pè wọ́n jọ.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fọ jalamíà rẹ̀, mo lọ̀ ọ́.

Lèmọ́mù ní kó wá pe ìrun Mọ̀ńgàríbì, ká fi dán an wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ládàánì a máa fìka sétí kó tó pe ìrun. Yéè! Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀. Bí ìka ṣe kan etí báyìí:

“FÁYÀ!”

Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ju bútà nù. Ààfáà kan gba ojú fèrèsé jáde. Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí láwàní fi bọ́ lórí rẹ̀, ló bá fi ẹlòmíì, Múdàṣírù, ṣe ládàánì. Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé.

“Abdulmumini, dákẹ́,” ni Lèmọ́mù wí. “Ààwẹ̀ ti dé tán, oorun kì í sì í jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò jí jẹ sààrì. Ìwọ ni kó o máa jí wọn.”

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ké “Fáyà!” Gbogbo àdúgbò jí, tẹrútọmọ! Tíṣà Jídé, ará Ọ̀mù-Àrán tí kì í ṣe Mùsùlùmí rárá, gbé àwo ẹ̀bà rẹ̀ wọlé tọ̀ wá.

“Ìyá Salimat, mi ò kúkú lè sùn mọ́. Ẹ bù mí lọ́bẹ̀.”

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé kejì náà fi dé. Ilé wa kún. Ọkọ mi ń wò wọ́n, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

“Àbẹ̀ní, wọ́n mà pé jọ.”

Mo ní kó yọ ìka létí, kó jẹun.