Èlùbọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí mo bu èlùbọ́ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kí n lè fi mú ọ̀daràn. Ní Ṣakí ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ háyà lẹ́yìn tí a jáde nílé ìwé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Èmi a lò ó láti àárọ̀, òun a gbà á lẹ́yìn ìrun Alásárì. Èmi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn àgbẹ̀ Kòmú yóò fi máa mọ ọjọ́ tí katakata yóò dé oko oníkálukú. Òun ń kọ ti ilé ìwé kan ní Ìgbẹ́tì. Àwọn ará Kòmú ti ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fi sí ìkáwọ́ mi.

Ohun tó rú mi lójú ni pé iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ ní pípé, òkú ni mo máa ń bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. N ó tún un ṣe, yóò jí. Ilẹ̀ á mọ́, á tún kú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ta ló ń fọwọ́ kàn án bí kò ṣe ọ̀rẹ́ mi? Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ló ń rín. Bó bá dákẹ́, mo ní ó ń gbèrò ibi. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe wọ́n èlùbọ́ nìyẹn, bí ìyá mi ti máa ń ṣe láti mọ ibi tí eku gbà wọlé. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, àpá ìka ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ kedere. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lò ó.

Mo dúró dè é. “Ìwọ lo ń ba iṣẹ́ mi jẹ́!”

“Èmi kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń ba tèmi jẹ́? Èlùbọ́ wo lo tún dà sí i?”

Ariwo wa ló mú ìyá tó ń ta irúgbìn ní ṣọ́ọ̀bù kejì wọlé. Kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó fa àga méjì síwájú kọ̀ǹpútà. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jókòó. Kí kálukú ṣe tiẹ̀ lójú èkejì rẹ̀.”

A jókòó. Láíbìrì kan náà ni àwa méjèèjì ń lò, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ tí àwa náà ń mú lò. Ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́, ẹ̀yà àtijọ́ ni tèmi mọ̀. Bó ṣe gbé tuntun wọlé, ó lé àtijọ́ jáde, iṣẹ́ mi sì kú lójú mi. Mo dá àtijọ́ padà, tirẹ̀ kú. Àtúnṣe mi ni ìbàjẹ́ rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ni ìbàjẹ́ mi. Ojú tì wá. A ya yàrá sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà, kí kálukú ní láíbìrì tirẹ̀. Àwọn ará Kòmú dé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n gbà á.

Ọ̀rẹ́ mi ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí iṣu tuntun tó jáde. A ti bẹ ara wa, a sì ti fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà. Títí dòní, mọ́ṣáláṣí kan náà la ti ń kírun, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, ẹlòmíràn ló máa ń gbé àpò rẹ̀ fún pé kó bá òun ṣọ́ ọ.