Raheemah Tí Wọ́n Ní Kò Lè Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá bi Raheemah pé, "Ṣé o ti jẹun?" èsì tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti kékeré títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ti gbá a létí rí, wọ́n ní ó ń sín àwọn jẹ. Dókítà kan ló là á yé Mùínátù, ìyá rẹ̀, pé ọ́tísìm ni, pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni ọmọ náà fi ń sọ tinú rẹ̀. Lóòótọ́, tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ní, "Ẹ ra omi tútù!" bí àwọn tó ń kiri ní gáréèjì.

Alájì Àbúdù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò gba ti dókítà gbọ́. "Odi lọmọ yìí," ló máa ń wí. Torí náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ lójú rẹ̀.

Ọdún kejì tí bàbá Raheemah kú, Alájì pe ìpàdé ẹbí. Ó fẹ́ kí Mùínátù kó jáde nínú ilé ọkọ rẹ̀, kí ìyàwó òun tuntun lè kó wọlé.

"Alájì, ẹ̀yin lẹ ṣèlérí pé ẹnì kan ò ní lé wa," ni Mùínátù wí.

"Èmi? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Raheemah jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ta etí ìborùn rẹ̀ ní kókó. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí Alájì ṣe máa ń wúkọ́ gẹ́lẹ́, ó sì ki ohùn bọlẹ̀:

"Mùínátù, má sunkún mọ́. Wàláì, ilé yìí, tìẹ àti tọmọ rẹ ni. Ìkọ́kọrẹ́ yìí mà dùn o. Bù sí i fún mi."

Ẹ̀rín sọ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Alájì, kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúdù, ohùn ta nìyẹn?"

"Ṣebí ẹ ní kò lè sọ̀rọ̀ ni!" ni Alájì fi ìbínú wí.

"Ìwọ lo ní kò lè sọ̀rọ̀."

Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ilé mọ́. Raheemah ò tilẹ̀ dúró gba oríyìn. Ariwo ẹ̀rín ti ń dùn ún létí, ó fọwọ́ dí i, ó sì wọ yàrá lọ. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó jókòó tì í.

Ní báyìí, bí Raheemah bá ti yọ sí àárín ẹbí, ilé á pa lọ́lọ́. Alájì alára, ẹnu géètì ló ti ń kí tìyá tọmọ. Ọwọ́ ló ń jù.