Àyẹ̀wò Tí Mo Parọ́ Pé Mo Ti Ṣe

Mo tẹ̀ ba sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Àlàbá, irin gbígbóná tí mo fi ń yọ́ òjé wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí nǹkan kan ta mí lábẹ́ egungun àyà bí ẹni tó gbé odindi ata mì. Mo dúró gbọin. Kó tó rọlẹ̀, òjé ti kán síbi tí kò yẹ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, àfi kí n tú u wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ara tèmi, mo wá dà bí àwọn oníbàárà tó máa ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má tú u o, ẹ ṣáà gbá a létí, á ṣiṣẹ́." Oògùn ara ríro ni mo fi ń gbá tèmi létí. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí nítorí títẹ̀ ba ṣáá, mo sì máa ń ra oògùn oníhóró lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà, mo ń gbé e mì láràárọ̀ kí n tó jẹun. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ńṣe ni mo tún fi kún un.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú ló pa bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n rù, wọn ò lè jẹun mọ́, ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà títì, a sì sin wọ́n láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá fọwọ́ kan àyà, àwọn ni mo máa ń rí.

Ìyàwó mi, Ìyá Délé, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa ní Ìbá, ló kíyè sí i pé mo ti ń fọwọ́ di àyà mú kí n tó rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ajangbádì. Dókítà tẹ inú mi síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó sì kọ lẹ́tà fún mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló ṣàlàyé fún mi níbẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ẹndoskópì ni mo fẹ́ ṣe. Okùn gígùn kan ni, ó rọ̀, kò nípọn ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ, iná àti ojú kámẹ́rà sì wà lórí rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ń gbà tì í wọlé, á gba ọ̀fun kọjá lọ sí àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń balẹ̀ sí, títí dé ibi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n má jẹ, kí n má mu láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, omi pàápàá, torí pé bí oúnjẹ bá wà nínú, kámẹ́rà ò ní ríran, èèyàn sì lè bì í kó gba ọ̀nà èémí lọ. Kí n sọ gbogbo oògùn tí mo ń lò. Kí n mú ẹnì kan dání tó máa sìn mí délé.

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ ti oògùn ara ríro.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún mi, ọ̀sẹ̀ náà ò sì jẹ́ kí n fìdí lélẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú wáyà eríà tẹlifíṣọ̀n, mo fi wọn ìka kékeré mi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ya ẹnu. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí. Kò tíì kọjá ahọ́n tí èébì fi gbé mi, tí omi ojú àti ikun ń dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Bí Ìyá Délé ṣe bá mi nìyẹn.

"Bàbá Délé, òkèlè ẹ̀bà tí ẹ ń gbé mì lójoojúmọ́, ṣé kò tóbi ju wáyà yìí lọ ni?"

"Ó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òkèlè kì í dúró nínú èèyàn kó máa wo ọ̀tún wo òsì."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní kó jókòó ti aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin kan sì wọlé ṣáájú mi. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èébì ń gbé e, kò sì rí nǹkan bì. Mo dìde, mo jókòó. Mo lọ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, mo pa dà, mo tún lọ kà á. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi, mo ti dé ẹnu géètì. Mo ra búrẹ́dì lójú títì, mo sì jẹ ẹ́ ní ìdúró.

Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo délé.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é?"

"Wọ́n ti ṣe é."

"Kí ni wọ́n rí?"

"Wọn ò rí nǹkan kan."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ìrépé aṣọ tó wà nílẹ̀. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo wò ó, mo ní ebi ń pa mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ní Ìbá, ó jáde lọ jẹ́rìí. Ó ní òun ti ń wo ara òun bí opó láti oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti já àwọn ọ̀tá kulẹ̀: wọ́n wo inú ọkọ òun, ó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n kọrin fún mi, mo jó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè, àwọn èèyàn sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà títì. Mo mọ ohun tí mo rí. Òógùn tútù bò mí, ilé ń yí. Mo di ògiri mú títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Ẹ wá ń wò mí, mo dúró níwájú Ọlọ́run, mò ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ta ni ẹ̀rù ò bà? Ẹ̀rù ba èmi náà, mi ò sì sá."

Lẹ́yìn náà ló gbá ìró mọ́ ìdí, ó gbé apá mi kọ́ ọrùn rẹ̀, ó di ojú títì.

Wọ́n dá mi dúró nílé ìwòsàn ńlá yẹn. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, torí pé ìgbẹ́ dúdú bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń sun nínú. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí dá mi mọ̀. "Ọ̀gá, a pe orúkọ yín títí." Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka gbogbo oògùn tí mo ń lò fún un, títí kan èyí tí mo ń rà lọ́jà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, wọ́n fún mi ní tíì àti bisikíìtì, ó tán nìyẹn. Ebi kọ́ ló ṣòro níbẹ̀, ọkàn ni. Ìyàwó mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò. Láàárọ̀, wọ́n fín oògùn kíkorò kan sí mi lọ́fun, ọ̀fun náà sì kú bí ẹni pé tẹlòmíràn ni. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ tó mú oorun kùn mí, ṣùgbọ́n mi ò sùn. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n ki òrùka oníke kan sáàárín eyín mi kí n má bàa gé okùn náà jẹ.

"Ẹ fi imú mí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó yá, ẹ gbé e mì bí òkèlè."

Mo gbé e mì. Kò rọrùn, mi ò ní tàn yín. Èébì gbé mi, omi ojú dà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú mi, mo sì ń gùfẹ̀ bí ẹni tó jẹ àsè. Ìnira ni ju ìrora lọ, kò sì pẹ́ tó bí mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sá fún un.

Ọgbẹ́ ni wọ́n rí lára àpòlúkù, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ́lsà. Dókítà ní oògùn ara ríro tí mò ń gbé mì lórí ikùn òfìfo ló dá a sí mi lára. Wọ́n gé èérún ẹran díẹ̀ níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́, èsì yẹn sì tún gba ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rìn káàkiri ilé títí àwọn ará ilé fi ní kí n rọra, n ó gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Èsì dé: kò sí jẹjẹrẹ. Mo lo oògùn, mo jáwọ́ nínú oògùn ọlọ́jà, mo ń jẹun lásìkò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo pa dà lọ gbé okùn náà mì lẹ́ẹ̀kejì, ọgbẹ́ ti jinná. Mo máa ń rò ó pé ì bá jẹ́ pé wọ́n wo inú bàbá mi bẹ́ẹ̀, bóyá ọgbẹ́ tó gbóògùn ni tiwọn náà. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó lọ dúpẹ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ò rọ. Ẹ lọ fúnra yín."

Mo jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́sẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun mi. Mo sọ fún ìjọ pé ẹ̀rí tí ìyàwó mi jẹ́ lọ́jọ́sí, òótọ́ inú ló fi jẹ́ ẹ, èmi ni mo parọ́ fún un. Mo sọ ti bẹ́ǹṣì, mo sọ ti géètì àti búrẹ́dì, mo sọ ohun tí wọ́n rí àti bó ṣe jinná. Wòlíì wa yíjú sí ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí, wọ́n bi Ìyá Délé bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un.

Ó dìde. "Rárá o, Bàbá. Èmi ti sọ tèmi tẹ́lẹ̀."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì ti fọwọ́ di àyà mú bó ṣe mọ́ mi lára, kí n tó rántí pé kò dùn mí mọ́.