Ọ̀nà Òkúta Tántí Mi

Bí mo bá ti rí òkúta pẹlẹbẹ, gìgísẹ̀ tántí mi ni mo ń rántí. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, ìlú Towé la jọ ń gbé, ìjọ aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà ló sì ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ iwájú ilé wa, sùtánà rẹ̀ pọ́n bí epo. Bàbá télọ̀ tó wà ní ilé kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Láti ọjọ́ náà, tántí kì í ti oko dé kí òkúta kan má wà lórí ẹrù gbágùúdá rẹ̀. Á gbẹ́ ilẹ̀, á da iyanrìn sí i, á tẹ́ òkúta lé e, á wá fi gìgísẹ̀ lásán gún un. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, á tú u.

"Èyí ń parọ́," ló máa ń wí.

Bàbá télọ̀ ní, "Iṣẹ́ másọ̀n tó ń mọlé nìyẹn o!"

Tántí ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Másọ̀n kọ́ ló ṣubú."

Ọ̀nà òkúta náà ti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé títì nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn òjò ńlá, tántí rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí alùpùpù ti ń dúró dè é, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Ló bá rí bàbá télọ̀ tó fẹ́ ti inú ẹrẹ̀ gun orí òkúta.

"Ẹ rọra, bàbá. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín. Aṣọ funfun ló ń gba ibẹ̀ yẹn kọjá."

Bàbá télọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀.