Ọta Noeline Nínú Ike Áíìsìkiriìmù

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi Des Pascoe ni mo da ọta Noeline sínú ike áíìsìkiriìmù. Kì í ṣe ajá, kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Èmi ni, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo sì fi ṣe é.

Noeline Garvie ló ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé ní Tuatapere, ìlú kékeré wa. Kíláàsì kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ wà, ẹnu rẹ̀ sì ti mú láti ìgbà náà. Kò sí ọmọ tó láyà láti dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó ti gbọ̀nà òkè Takitimu lọ nìyẹn, ìbọn léjìká, ìbọn kan náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọta ìbọn yẹn kò sí lọ́jà kankan láyé. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nínú yàrá ìfọṣọ rẹ̀. Á fún ọrùn eèpo ọta títí á fi tín-ín-rín, á wọn ẹ̀tù sí i bí ẹni ń wọn oògùn ọmọ ọwọ́, á wá tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí igi rimu kan tó dá ọgọ́rùn-ún ihò lu.

Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ wa, "abẹ́rẹ́" ni wọ́n ń pe ọta yẹn. Lindsay Corbould, alága wa, ló fún un lórúkọ. Lọ́jọ́ tí Noeline sọ pé òun ń lọ sí Ọsirélíà lọ pa sámbà, àgbọ̀nrín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹṣin, Lindsay gbé bíà rẹ̀ kalẹ̀.

"Noeline, ẹran yẹn á rò pé yànmùyánmú ló bà lé òun. Lọ yá ìbọn gidi."

"Ìbọn gidi tìẹ dà, Lindsay? Kí ló ti pa lọ́dún yìí yàtọ̀ sí ìgò?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Noeline náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbọn tirẹ̀ àti ọta tirẹ̀ ló fẹ́ fi pa sámbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò fẹ́ pa á rárá.

Èmi ni mo máa bá a lọ. A gba ìwé àṣẹ ìbọn nílé, a gba ti Ọsirélíà. Vince Mulcahy, ọdẹ tó fẹ́ gbà wá sílé ní Dargo lọ́hùn-ún, ń pè wá lójoojúmọ́. Oorun ò kùn mí mọ́. Mi ò tíì gbé ìbọn wọ bàálù rí láyé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, Noeline lọ dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà, ó ní kí n máa kó ẹrù sọ́kọ̀. Àwọn oníbàálù ní ọta ẹnì kan, pẹ̀lú àpótí rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju kílò márùn-ún lọ. Mo gbé àpótí rimu lé òṣùwọ̀n: kílò márùn-ún àtààbọ̀. Ni mo bá lo ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo fi àpótí sílẹ̀ lórí tábìlì, mo da gbogbo ọta sínú ike áíìsìkiriìmù, ó di kílò mẹ́ta, mo sì ń súfèé kiri ilé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ní pápákọ̀ òfurufú Queenstown, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Arihia ló yẹ ẹrù wa wò. Ìbọn kò níṣòro. Ó wá ṣí ike.

"Àǹtí, kí lèyí?"

Noeline wo ike, ó wò mí. Mo sọ fún un pé àpótí rẹ̀ ti ju ìwọ̀n lọ.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Arihia ní. "Ọta ò gbọdọ̀ máa kan ara wọn nínú bàálù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ihò tirẹ̀. Tí ẹ ò bá rí àpótí gidi láàárín wákàtí kan, kò ní lè lọ."

Tuatapere jìn sí ibẹ̀ tó wákàtí méjì.

"Des," Noeline ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ó fi ààbọ̀ kílò lé. O ò lè yọ ogún ọta kúrò?"

Ká sòótọ́, kò wá sí mi lọ́kàn.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Des."

Mo pe Vince. Ó ní ká máa bọ̀, ìbọn òun mẹ́ta wà nílẹ̀, kí Noeline mú èyí tó bá wù ú. Mo jíṣẹ́ fún Noeline. Ó jókòó lé àpótí ìbọn rẹ̀.

"Kí n fi ìbọn ẹlòmíràn pa á, kí Lindsay lè ní òun ti wí? Màá kúkú máa lọ sílé."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò rí Noeline kó sunkún rí, mi ò sì fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Mo sáré. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn, mo sáré sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọdẹ. Àpótí ike kan ṣoṣo ló kù lórí àtẹ, oníhò ogún, ti ọta sísanra.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ku ogún ìṣẹ́jú. Noeline to ogún abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Arihia mì ín, ó ń dún ṣaworoṣaworo.

"Àǹtí, ó ṣì ń mì."

Noeline gbójú sókè, ó ń wo orí mi.

"Ṣí fìlà yẹn."

Fìlà ẹgbẹ́ ọdẹ wa ni, òwú ni wọ́n fi hun ún, pẹ̀lú àwòrán orí àgbọ̀nrín níwájú. Ó fi eyín já etí fìlà, ó fa òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ ọta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń tú, òun ń wé. Arihia wo aago, ó wo ẹ̀yìn, ó sì bá wa di òwú mú. Mẹ́wàá. Mẹ́rìnlá. Orí àgbọ̀nrín ti tán, ó ku etí fìlà. Nígbà tí ogún pé, Arihia mì ín lẹ́ẹ̀mejì. Kò dún. Ó tì í, ó lẹ ìwé mọ́ ọn, ó kó ọgọ́rin yòókù sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin pé ká wá gbà á tá a bá dé.

"Ẹ bá mi pa ẹran yẹn, Àǹtí," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gun òkè Dargo lásán. Lọ́jọ́ kẹrin, sámbà kan yọ lódìkejì àfonífojì, ó dúró gbagidi. Vince rọra gbé ìbọn tirẹ̀ síwájú Noeline. Noeline fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn. Ó tú òwú lára ọta kan, ó kì í sínú ìbọn, ó mí jáde, ó yìn ín.

Ẹran náà kò gbé ẹsẹ̀ kan. Ibi tó dúró sí ló ṣubú sí. Mo sunkún, ojú ò tì mí.

Nígbà tá a padà délé, Lindsay wo fọ́tò náà títí, bíà rẹ̀ ń gbóná lọ.

"Ọta mélòó?"

Mo gbé eèpo ọta kan síwájú rẹ̀. "Ẹyọ kan."

Ó mú un, ó yí i lọ́wọ́, ó wo ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Kò pè é ní abẹ́rẹ́. Ó ṣí fìlà ẹgbẹ́ lórí ara rẹ̀, ó gbé e síwájú Noeline.

"Wọ́n ní òwú lo fi ń wé wọn. Gba èyí, fi wé èyí tó kù."

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kù, Lindsay," Noeline ní. "Fìlà kan ò lè tó."

Ṣùgbọ́n ó mú un.