Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Yí Nítorí Fọ́tò, Ògiri Tó Wó Pa Hàjàrá

Alhájà Hàjàrá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Òkè-Oyi, ti lọ bá Ọlọ́hun. Ògiri yàrá rẹ̀ ló wó lù ú níbi tó ti ń múra ìrun Àlàásárì. Ẹ má tíì sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Ọwọ́ ọmọ aráyé wà níbẹ̀.

Ọmọ tó bá gbàgbé hàráfì, ìyẹn lẹ́tà kéwú, kúlíkúlí ni Hàjàrá máa kọ́kọ́ fún un. "Ta ló ń fi ebi gba hàráfì sórí?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Láti ìgbà tí àwọn afọ́kúta ti gbé dánámáìtì dé gúúsù abúlé ni ògiri rẹ̀ ti ń lanu. Aláǹgbá ráyè wọlé, ìjọba ni kò yọjú. Nígbà tí Hàjàrá pariwo títí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ wá. Àpótí kékeré ni, ọfà wà lórí rẹ̀, ọfà náà sì gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá. Bí òkúta bá bú ní gúúsù, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀ sí àríwá, ẹ̀rọ á sì fi àmì àròpọ̀ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ àríwá ni nǹkan ti bú, àmì àyọkúrò ni. Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Ẹ̀yìn àpótí ni orúkọ ọ̀gá wọn wà. Ṣé fọ́tò á wá gbà kí orúkọ ọ̀gá fara pamọ́? Wọ́n yí àpótí padà, wọ́n fi irin bóòtù dè é mọ́lẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Ọfà kọjú sí gúúsù.

Èsì jáde: àríwá ni ìmìtìtì ti ń wá! Kí ló wà ní àríwá? Oko gbágùúdá Hàjàrá fúnra rẹ̀. Gbágùúdá ló ń bú gbàmù, ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n dá àwọn afọ́kúta láre.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi ọ̀gá náà ìdí tí wọn ò fi tún ọfà ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Fọ́tò yẹn ti dé Àbújá. Tá a bá yí i padà báyìí, wọ́n á ní a ò mọṣẹ́."



Wọ́n ṣì ń fọ́ òkúta. Zahrah, ọmọ olóògbé, ṣì ń kó àwọn ọmọ kéwú jọ sí yàrá tó kù, ògiri ibẹ̀ náà sì ti lanu. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ dá dánámáìtì dúró lónìí. Ẹ yí ọfà sí àríwá. Ẹ fagi lé èsì yẹn ní gbangba, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n yí àpótí. Bẹ́ẹ bá ní yàrá yẹn kò léwu, ẹ kó ọ́fíìsì yín wá síbẹ̀, kí àwọn ọmọ wá máa ké kéwú ní tiyín.