Ìyàwó Gbogbo-Ilé

Ọdún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Ílọrin láti lọ kọ́ eré ṣíṣe, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kúwárà sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti ka ìwé díẹ̀ ló ń sáré wá iṣẹ́ ìjọba. Èmi ní tèmi, mo ní eré ni n óò ṣe. Opó ni ìyá mi, ẹ̀gẹ́ àti gàrí ló fi rán mi níléèwé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó ní, "Ó dáa. Ṣebí eré náà ni o ti ń ṣe látìgbà tí mo ti bí ẹ."

Olùkọ́ wa àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ọkùnrin kan ni tó ti gbé òkè òkun títí tí kò fi lè jẹ ata mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún wa pé eré orí ìtàgé kì í ṣe ariwo. "Ẹ dúró jẹ́ẹ́," ó ní, "kí ojú yín máa sọ̀rọ̀." Ni a bá dúró jẹ́ẹ́. A jókòó sórí àga, a ń wo ògiri, ojú wa ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo bi ara mi léèrè pé, tó bá jẹ́ pé jíjókòó láì mira ni mo wá kọ́, kí ló dé tí n kò dúró sí Ẹ̀sìẹ́ nílé wa, kí n lọ jókòó láàrin àwọn ère òkúta? Àwọn yẹn ti gboyè nínú iṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí bàbá olùkọ́.

Ọkùnrin kan náà yìí ló tún sọ fún wa pé ní ọdún tí a bá fẹ́ jáde, oníkálukú máa kọrin, á sì jó lórí ìtàgé níwájú àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti há tàbí tí orúnkún rẹ̀ bá ti le, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. A bi í pé ta ni yóò kọ́ wa lórin àti ijó. Ó ní ká máa ṣe é fúnra wa. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ ìwé dára.

Mo kúkú ní ohùn tẹ́lẹ̀. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo dàgbà sí, mo sì mọ̀ ọ́n jó débi pé àwọn àgbà ìjọ ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ máa ṣe é n'Ílọrin? Tí mo bá la ẹnu nínú yàrá, àwọn tí à ń jọ gbé á kígbe pé àwọn ń kàwé. Mo bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọlọ́dẹ ilé-ìwé wá bá mi, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, ṣé kí òun lọ pe nọ́ọ̀sì. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, ohùn mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ìyá mi ò ní gàrí mìíràn tó máa fi rán mi lọ síbòmíràn.

Ọ̀ràn ìyàwó kan láti Èkó ló yọ mí. Oṣù Kejìlá ni, mo ti wá sinmi nílé ní Ẹ̀sìẹ́, ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó máa ń kó mọ́tò pijó wálé pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: ìsìnkú, ilé ṣíṣí, ìgbéyàwó. Obìnrin kan ní ìtòsí wa mú ọmọ rẹ̀ wálé láti wá fà á fọ́kọ. Wọ́n ti parí ti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun, òrùka, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyàwó kì í fi ẹnu dídákẹ́ kúrò nílé bàbá rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, yóò sun ẹkún ìyàwó, ìyẹn orin tí a fi ń dágbére, tí a fi ń dúpẹ́, tí a sì fi ń tọrọ ìre. Ìyá rẹ̀ á wá gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un. Àdúrà yẹn ni owó iṣẹ́ ẹkún. Lẹ́yìn náà ni yóò jó láti agboolé kan dé èkejì, kó tó di pé wọ́n mú un lọ.

Ọmọ Èkó kúnlẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ ṣé gan-an o. Dádì, bái-bái."

Háà! Àwọn ìyá àgbà fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá ọmọ náà ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu kó wọlé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹran lọ́wọ́, ọ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bí mo ṣe gbé abọ́ sílẹ̀ nìyẹn, mo kúnlẹ̀ ti ọmọbìnrin náà, mo sì bá a sun ún. Mo sun ún débi pé bàbá ìyàwó, tó ní mọ́tò méjì, bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mo bá a jó yí gbogbo agboolé ká nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di àṣálẹ́, ohùn mi ti padà wálé.

Bí iṣẹ́ ṣe dé nìyẹn o. Gbogbo ìyá tó bá ní ọmọ tó dàgbà sí Èkó ló ń ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ tó ń kọ́ eré. Wọ́n pè mí lọ sí Òmù-Àrán, wọ́n pè mí lọ sí Ìsánlú-Ìsin. Gbogbo ìsinmi ni mo ń sunkún. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi èémí kan gba orin gígùn kọjá, mo kọ́ bí ijó ṣe ń bá a lọ tí ohùn ò ní mì, mo sì mọ ibi tí omijé ti gbọ́dọ̀ jáde lójú kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ mí. Oríṣiríṣi ìyá ló gbọ́wọ́ lé ọmọ wọn lórí tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì lé tèmi, torí wọn ò mọ orí tí àdúrà náà yóò bọ́ sí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ àgbà gbọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀nà ìkọ́ni tòun máa ń ṣiṣẹ́ tó báyìí. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni n bá tún sọ?

Ìyá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Tí mo bá ti ń ti òde bọ̀, á gbójú sókè nídìí agbada gàrí, á ní, "Ìyàwó Gbogbo-Ilé, ẹ káàbọ̀. Ọkọ ti òní ńkọ́, ṣé ó dára lọ́kùnrin?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹkún tí ò ń sun kiri yìí, mo ní ìrètí pé o ń fi tèmi pamọ́ síbì kan." Mo tún rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Mo yege ìdánwò orin àti ijó náà, mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tán, mo sì ti rí ọkọ, tíṣà kan ará Agbamu tó ní sùúrù ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi. Ẹni tó ṣáájú wọn ni ìyálé ilé wọn, ìyá àgbà kan tí gbogbo agboolé ń bẹ̀rù, títí kan bàbá ọkọ mi. Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí wù wá. Ṣùgbọ́n a gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti sunkún jáde nílé bàbá olóríṣiríṣi. Ìyàwó kì í jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì kó yọrí sí rere. Tó bá tún sunkún wọ ilé tiwa, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò tún sunkún dé lẹ́yìn tiwa?"

Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ní, "Màmá, eré ni o."

"Eré kẹ̀? Orí rẹ̀ mọ̀ pé eré ni?"

Mo ti gbára dì láti fún wọn lésì. Ìyá àgbà ṣe ìdájọ́ rẹ̀ tán: àwọn á mú ọmọbìnrin mìíràn wá tí yóò bá mi sunkún lọ́jọ́ náà, èmi ò gbọdọ̀ la ẹnu. Bí mo bá là á, àwọn á gbé ẹrù àwọn, àwọn á sì máa lọ. Mo yíjú sí ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹnu tó ti ń gbá gbogbo ìlú láti ọjọ́ yìí wá yóò gbá wọn dànù.

Ìyá mi ní, "A gbọ́."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Wọ́n lọ tán, mo pariwo mọ́ ọn: "Ẹ gbà fún wọn, Màmá? Ẹ̀yin?" Ó ń yí gàrí lọ. Ó ní, "Ọkọ ni mo fẹ́ kí o ní. Orin ò lè bá ẹ gbé omi." Ó sì ń fi agbára tí gàrí ò nílò yí gàrí náà. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, kò pè mí ní Ìyàwó Gbogbo-Ilé mọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ pé. Ẹ wo ẹni tí wọ́n mú wá: ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí èmi fúnra mi kọ́ bí a ṣe ń mí. Wọ́n wá ẹlẹ́kún kiri Agbamu, wọn ò rí, ni wọ́n bá dé Ìlọrin. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire o! Wọ́n ní kí n wá bá yín sun ún." Mo ní ó ṣeun. Kí ni kí n ṣe, kí n lé e?

Ó kúnlẹ̀ láàrin èmi àti ìyá mi. Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi fún ọmú tí kò mu, fún ẹ̀yìn tí kò gùn. Omijé rẹ̀ jáde níbi tí mo kọ́ ọ pé kó ti jáde gẹ́lẹ́. Èmi jókòó síbẹ̀, mo pa ẹnu mi mọ́, mo fẹ́ na ọmọ ọlọ́mọ. Ó parí, ó tẹ orí ba, ó ń dúró de ọwọ́ tí yóò bà lé e.

Ọwọ́ ò bà lé e. Ìyá mi kó méjèèjì sórí itan.

Ọmọ náà rò pé ìyá mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀, ó tún un kọ. Ìyá mi jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Ó wá ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ohùn rẹ dùn. Ìyá tó bí ẹ ńkọ́, ó wà láyé?"

"Ó wà, Màmá."

"Dìde, kó o lọ kí i fún mi." Ó kọjú sí ìyá àgbà. "Ìyá wa, mo fẹ́ràn ilé yín, ọmọ yín sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé mo lè ṣe é. N kò lè ṣe é. N kò bí eléyìí. Ẹ wo iṣu ìdána yín níbẹ̀, a ò tíì tú u. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé e lọ, mi ò ní bínú." Ó wá yí sí mi. "Ìwọ. O ti sunkún fún gbogbo ìyá ilẹ̀ Ìgbómìnà. Tèmi dà?"

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Mo wo ìyá àgbà, ojú rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀.

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èémí tí mo ti ń kó jọ láti ọdún yìí wá, kò sí. Orin tí mo mọ̀ bí orúkọ mi, n kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ máa lọ." Ohùn mi ya. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ yan gàrí títí èéfín fi gba ojú yín, ẹ kú ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ ọkọ mìíràn nítorí mi, ẹ kú ìdáwà." N kò lè kọjá ibẹ̀. Ikun ń dà nímú mi, mo ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ ìta. Ká ní olùkọ́ àgbà wà níbẹ̀, òdo ni ìbá fún mi.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà le, ó sì gbóná. Mo ń dúró de àdúrà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí mi.

Ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ àdúrà kankan nígbà tí ìyá àgbà Agbamu dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu rẹ̀, tó sì ké bí ẹni tí wọ́n mú bínú: "Àmín! Àmín o! Ẹ gbà á fún ìyàwó wa, ẹ̀yin ará ilé, ẹ ní àmín!"